Omi inú àpótí: Reynolds 100 ti wọlé, 1000 ṣì ń ṣagídí

Àjàṣẹ́. Iṣẹ́ náà ni pé ká fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí omi ṣe ń ṣàn: àpótí tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gùn ní 1, omi tí kò ṣeé fún pọ̀ kún inú rẹ̀, ọmọrí nìkan ló ń yọ̀ lọ sápá ọ̀tún, eré rẹ̀, U, jẹ́ 1. Python àti NumPy, àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò rẹ̀, la fi kọ ọ́. Àwọ̀n wa, ìyẹn àwọn ojú kéékèèké tí a pín àpótí sí, jẹ́ 64 lọ́nà 64, nítorí náà fífẹ̀ ojú àwọ̀n kan, h, jẹ́ 1/64.

Ẹ má kó u (eré sápá ọ̀tún), v (eré sókè) àti p (ìfúnpá omi) jọ sí àárín ojú kan náà. Ìyàtọ̀ àárín, ìyẹn yíyọ iye ojú òsì kúrò nínú ti ọ̀tún, á máa fo ojú tó wà láàárín, p á sì máa ga, á máa wálẹ̀, ní ojú kan sí èkejì, láìjẹ́ pé kóòdù rí i. Ètò Harlow àti Welch ti 1965 la tẹ̀ lé: p wà láàárín, u wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì àti ọ̀tún, v wà nísàlẹ̀ àti lókè.

Ọ̀nà Chorin la ń gbà. A ti u àti v síwájú ní ìgbésẹ̀ àkókò kan, dt, láìka p sí, a wo iye omi tó jáde ju èyí tó wọlé lọ nínú ojú kọ̀ọ̀kan, a wá p tó máa pa ìyàtọ̀ yẹn rẹ́, a fi tún eré ṣe. Wíwá p ló ń jẹ àkókò jù. Gauss-Seidel lásán, tó ń tún p ṣe ní ojú kọ̀ọ̀kan títí yóò fi bára mu, ń rìn bí ìgbín. SOR, tó ń sọ àtúnṣe kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ω, níhìn-ín 1.9, yá jù ú lọ dáadáa, bí a bá pín ojú àwọ̀n sí pupa àti dúdú kí NumPy lè ṣe ìdajì lẹ́ẹ̀kan náà. Ògiri kò sọ iye p fún wa, nítorí náà à ń yọ ìpíndọ́gba rẹ̀ kúrò ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó má baà rìn lọ.

Ọmọrí náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Kò sí u lójú rẹ̀ gan-an, ìdajì h nísàlẹ̀ ló wà. Ẹni tó bá kọ 1 sí ìlà tó wà lẹ́yìn ọmọrí ti gbé ọmọrí sókè ní ìdajì ojú. 2 − u ló yẹ níbẹ̀, kí ìpíndọ́gba òun àti u ìsàlẹ̀ lè jẹ́ 1.

Reynolds ni eré ọmọrí lọ́nà gígùn àpótí, tí a fi kíki omi, ν, pín. Reynolds 100 (ν = 0.01): dt kò gbọ́dọ̀ ju h²/4ν lọ, ìyẹn 0.0061, a lo 0.004. Lórí ìlà tó dúró lóòró láàárín àpótí, Ghia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (1982) rí u tó kéré jù, −0.2109, ní y (gíga láti ìsàlẹ̀) = 0.4531. Bí tiyín bá fi ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀, ẹ padà sídìí ọmọrí. Tiwa ti wọlé.

Reynolds 1000 (ν = 0.001) ni wàhálà. h²/4ν ti di 0.061, h/U, àkókò tí omi fi ń la ojú kan já, jẹ́ 0.0156, dt 0.01 sì dà bí ohun tó bófin mu. Ó fọ́: iye ń ga láìdúró. Ìgbésẹ̀ Euler (fífi iye ìsinsìnyí nìkan wá èyí tó kàn) pẹ̀lú ìyàtọ̀ àárín tún ń béèrè pé kí dt má ju 2ν/U² lọ, èyí tí í ṣe 0.002. A sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 0.001. Fífọ́ dúró, ṣùgbọ́n u ń gbọ̀n lẹ́bàá ọmọrí, torí Uh/ν jẹ́ 15.6, ó sì yẹ kó wà lábẹ́ 2.

Upwind, tó ń wo ìhà tí omi ti ń bọ̀ nìkan, pa gbígbọ̀n náà, àwòrán sì dán bí ọ̀sà ní ìdájí. Irọ́ ni. Upwind ń fi Uh/2, ìyẹn 0.0078, kún kíki omi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́jọ ν. Lábẹ́ ọmọrí, Reynolds tí à ń pè ní 1000 kò ju nǹkan bí 113 lọ. Kò lè dé −0.3829 tí Ghia rí ní y = 0.1719. A ti yọ ọ́ kúrò.

Ó kù: 128 lọ́nà 128 pẹ̀lú ìyàtọ̀ àárín, ojú àwọ̀n tó há sí i lẹ́bàá ògiri, àti fífi u, v, p pamọ́ ní gbogbo ìgbésẹ̀ 500, nítorí iná lè lọ nígbàkigbà.