Òkè tó wà lẹ́yìn ibùdó rélùwéè Abbey Wood

Ẹ̀yin ará wa ní Thamesmead, Abbey Wood àti Plumstead, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, òkè kan wà tí a máa ń kọjá nísàlẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ lọ síbi iṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ wa kò gùn rí. Àwókù Lesnes Abbey, ilé àwọn àlùfáà àtijọ́, ló wà níbẹ̀. Ó ń dùn mí pé àwọn ọmọ wa ń dàgbà sí àdúgbò yìí láìmọ ìtàn rẹ̀.

Richard de Luci ló dá a sílẹ̀ ní 1178 fún àwọn àlùfáà tó ń gbé pọ̀. Adájọ́ àgbà Ọba Henry Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Òun ló ń bá ọba mójú tó ìlú bí ọba bá rìnrìn àjò. Nígbà tí ìjà dé láàárín ọba àti Thomas Becket, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, ẹ̀yìn ọba ni de Luci dúró sí, títí Becket fi yọ ọ́ kúrò nínú ìjọ. Ní 1170, àwọn jagunjagun ọba pa Becket sínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. De Luci wá kọ́ ilé Ọlọ́run yìí, ó sì fi orúkọ Màríà Mímọ́ àti ti Becket yìí kan náà sọ ọ́. Àwọn òpìtàn ní ó lè jẹ́ pé ó fi wá ìdáríjì ni. Èmi gbà bẹ́ẹ̀, torí pé ní 1179 ó fi ipò ńlá yẹn sílẹ̀, ó kó wọ ibẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì kú sí láìpẹ́.

Àwọn àlùfáà yẹn ló ń tọ́jú odi tó ń dá omi odò Thames dúró lórí ilẹ̀ àbàtà ìsàlẹ̀, owó rẹ̀ sì wọ̀ wọ́n lọ́rùn gan-an. Orí àbàtà ọ̀hún ni wọ́n kọ́ Thamesmead sí láti nǹkan bí 1967. Ní 1525, Kádínà Wolsey, olórí olùdámọ̀ràn Ọba Henry Kẹjọ, ti ilé àwọn àlùfáà náà pa, ó fi ohun ìní rẹ̀ kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Oxford.

Ògiri òkúta ló kù báyìí, òmíràn kò ju orókún lọ. Bí ẹ bá dúró láàárín wọn, ẹ ó rí àwọn ilé gogoro Lọ́ńdọ̀nù lókèèrè. Nínú igbó ẹ̀yìn rẹ̀, iyanrìn kan wà tí wọ́n ti ń rí eyín ẹja ṣáàkì tó ti lo nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rìnléláàádọ́ta ọdún nínú ilẹ̀. Ọmọ mi fi asẹ́ jọ̀ ọ́ títí ó fi rí ẹyọ kan, dúdú, tó ń dán, tó tín-ín-rín lẹ́nu.

Lápá odò, Crossness wà níbẹ̀, níbi tí ẹnjiníà Joseph Bazalgette ti kọ́ ilé ẹ̀rọ tó ń fa omi ìdọ̀tí gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ṣí i ní 1865, ọdún méje lẹ́yìn tí òórùn Thames fẹ́rẹ̀ẹ́ lé àwọn aṣòfin kúrò nílé ìgbìmọ̀. Ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà níbẹ̀, orúkọ Ọbabìnrin Victoria àti ti ìdílé rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́.

Ọ̀fẹ́ ni Lesnes. Ẹ wọ bàtà tó le, torí ẹrẹ̀ máa ń pọ̀ lójú ọ̀nà igbó. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni Crossness ń ṣí, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ wọn kí ẹ tó kó ọmọ lọ.