Lẹ́tà Tó Lè Gbé Àmì Ohùn Ni Mo Kọ́kọ́ Wá

Ẹ ti rí i pé ojú ìkànnì mi yìí ti yàtọ̀. Mo ti yọ àwòrán ńlá tó máa ń gba gbogbo ojú fóònù kí èèyàn tó rí ọ̀rọ̀ kà, àwọ̀ pupa òkè náà sì ti lọ. Àwọn kan ti ń bi mí pé kí ló dé. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni mò ń kọ. Bó ti wù kí ibì kan rẹwà tó, tí Yorùbá kò bá ti gún régé níbẹ̀, mi ò kà á sí ẹwà.

Ṣàṣà ni theme, ìyẹn àwòṣe ojú ìkànnì tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá dán wò kí wọ́n tó gbé e jáde. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pàtẹ rẹ̀, á sì máa dán gbinrin. Ẹ wá lẹ ọ̀rọ̀ tiwa mọ́ ọn: àmì ohùn á yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà ọ̀, á lọ jókòó sáàárín lẹ́tà méjì, lẹ́tà ẹ á dúdú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, torí font (irú ojú lẹ́tà) náà kò ní i, inú font mìíràn ni fóònù ti lọ yá a. Gbólóhùn kan ni mo fi ń yẹ̀ wọ́n wò: "Ọ̀rẹ́ mi ń ṣe ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí." Èyí tí kò bá lè gbé ìyẹn, èmi àti ẹ̀ ti parí.

Nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà àwọn èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, é àti ò náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀, tó ní àmì lókè tó tún ní nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà ló ń ṣáájú, àmì ohùn á tẹ̀ lé e lọ́tọ̀, font fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa gbé e lé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kùnà.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbé wà, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n: Noto ti Google, àti Gentium, Charis pẹ̀lú Andika tí SIL, àjọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, ṣe. Andika ni mo mú. Wọ́n dìídì ṣe é fún àwọn tó ń kọ́ ìwé kíkà, kí lẹ́tà kan má baà jọ èkejì, ó sì rọ màámi lọ́rùn lórí fóònù. Ó tún ní ɛ àti ɔ tí àwọn èèyàn wa ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, lórílẹ̀-èdè Benin, fi ń kọ Yorùbá. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an.

Àlàfo àárín ìlà ló gba àsìkò jù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì lè fún pọ̀ díẹ̀, tiwa kò lè fún. Bí àyè bá há, àmì abẹ́ ìlà òkè á máa kọ lu àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀. Ìlọ́po 1.7 ìwọ̀n lẹ́tà ni mo fi í sí. Mo sì ti jáwọ́ nínú fífi lẹ́tà ńlá kọ odidi àkọlé, torí níbi tí Ẹ̀ àti Ọ́ bá wà, orí àmì ni fóònù ń gé.

Èyí tó dùn mí jù ni ìlà abẹ́ línkì. Orí àmì ìsàlẹ̀ ló ń gbà kọjá, ọ á di o lójú ẹni tó ń kà, ọ̀rọ̀ sì ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo fi text-underline-offset, àṣẹ tó ń sún ìlà abẹ́ ọ̀rọ̀, sọ ìlà náà kalẹ̀ títí àmì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọ̀ aró ni mo fún línkì. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, ìdí ìkòkò aró sì ni ìyá ìyá mi ti ṣiṣẹ́ jẹun. Aṣọ tó wọ inú èlú lẹ́ẹ̀kan kì í ṣú púpọ̀. Èyí tó wọ̀ ọ́ léraléra ló ń ṣú dùdù, òun ni mo sì mú, torí èyí tó ràn fẹ́ẹ́rẹ́ kì í hàn lójú oòrùn. Ìlànà WCAG, tó wà kí gbogbo èèyàn lè rí ìkànnì lò, ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀ má dín ní 4.5 sí 1. Aró tó jinná kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ojú ìkànnì ti alẹ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ máa dúdú, ṣì wà lọ́wọ́ mi. Aró kò lè hàn lórí ìyẹn, mò ń wá àwọ̀ mìíràn. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá ṣì ń gé orí àmì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.