Ẹ̀kọ́ nípa Àwùjọ Kì í Ṣe Ẹ̀kọ́ Àjẹkù

Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, mo máa ń gbọ́ tí àwọn òbí ń sọ fún ọmọ pé bí kò bá rí ìmọ̀ ìṣègùn kọ́, kí ó fara mọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, ìyẹn àwọn ẹ̀kọ́ nípa ìwà àti ìgbé-ayé ẹ̀dá ènìyàn (social sciences). Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gidigidi, bí ẹni pé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe sáyẹ́ǹsì gidi, tí kò sì wúlò.

Ohun tó ń sọ ìmọ̀ di sáyẹ́ǹsì kì í ṣe irinṣẹ́ inú yàrá àyẹ̀wò, bí kò ṣe pé kí ẹni tó sọ̀rọ̀ mú ẹ̀rí wá, kí ó sì gbà kí ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tún ìwádìí 100 ṣe, àwọn tí àbájáde wọn sì dúró kò tó ìdajì. Àwọn kan fi èyí bú wọn. Lójú tèmi, iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì gan-an nìyẹn. Bákan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Akíwọwọ, onímọ̀ nípa àwùjọ tó kọ́ni ní yunifásítì wa ní Ifẹ̀, fa èrò nípa ìgbé-papọ̀ ẹ̀dá yọ láti inú àyájọ́ Àsùwàdà, ìyẹn ohùn ẹnu àtijọ́ Yorùbá nípa bí ẹ̀dá ṣe ń péjọ, tí àwọn onímọ̀ mìíràn sì bá a jiyàn lórí rẹ̀.

Ní ti ìwúlò, ẹ jẹ́ kí a wo ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, tó tún bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1997 nígbà tí wọ́n gbé ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ kúrò ní ibi kan lọ sí ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko àti ìṣákọ́lẹ̀, ohun tí àgbẹ̀ ń san fún onílẹ̀, tí ó ti wà láti ayé àwọn baba ńlá wa ló wà nídìí rẹ̀. Dókítà lè tọ́jú ọgbẹ́ ìbọn, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí a ṣe ń wádìí lẹ́nu àgbẹ̀, onílẹ̀ àti àkọsílẹ̀ ìjọba ló lè sọ ohun tó fa ìbọn náà jáde.