Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ẹ̀kọ

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, ewé ẹ̀gẹ́ ló kọ́kọ́ dójú tì mí. Mo ti lo ọdún méjì nílé ìwé nígbà náà, mo sì gbà pé mo mọ nǹkan yà, kí n tó lọ jókòó ti ìyá aláró kan l'Óṣogbo láti kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹn aṣọ aró tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí. Wọ́n kó ìyẹ́ adìẹ àti aṣọ funfun fún mi, wọ́n ní kí n ya ewé ẹ̀gẹ́. Mo yà á. Ìka márùn-ún ni mo fún ewé kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn dọ́gba bí ẹni fi àdá gé wọn. Ìyá wò ó títí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, oko ta lo ti rí ẹ̀gẹ́ yìí?"

Orí fóònù ni mo ti rí i.

Wọ́n ní kí n lọ sẹ́yìnkùlé. Ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀ o, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń gbà kọjá lójoojúmọ́ tí mo bá fẹ́ lọ pọnmi. Lórí igi kan ṣoṣo, mo rí ewé oníka mẹ́ta, oníka márùn-ún àti oníka méje. Èyí tó ti gbó ń rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀jẹ̀lẹ́ rẹ̀ ká jọ bí ọwọ́ ọmọ tuntun. Nígbà tí mo padà dé, ìyá nawọ́ sí abọ́ ẹ̀kọ tó wà níwájú mi. Láfún ni wọ́n fi sè é, inú ẹ̀gẹ́ sì ni láfún ti wá. "Ẹ̀gẹ́ lo fi ń ya ẹ̀gẹ́, o ò sì mọ ẹ̀gẹ́." Mi ò rí nǹkan kan fọ̀.

Fún ẹni tí ò bá tíì dé ìdí ìkòkò aró rí: wọ́n máa ń se láfún náà pẹ̀lú alọ́ọ̀mù títí á fi ki, wọ́n á sì sẹ́ ẹ kó má baà ní kókó. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò lára aṣọ, aró ò ní í wọ ibẹ̀. Ewé èlú ni wọ́n ń gún nínú odó, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan títí á fi kan. Tẹ́ ẹ bá yọ aṣọ nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé lẹ máa bá lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló máa sọ ọ́ di àwọ̀ aró lójú yín. Mo ti rí i láìmọye ìgbà, mi ò sì tíì lè gbójú kúrò lára rẹ̀. (Mo ń lo aró ìgbàlódé náà o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́ fún yín. Oníbàárà ò ní sùúrù èlú.)

Àṣìṣe mi kejì tún bí mi nínú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, mo rí àwọn ògiri sìmẹ́ǹtì tí Adébísí Àkànjí mọ níbẹ̀, òun àti Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria tá a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà. Bíríkìlà ni Àkànjí kó tó di ayàwòrán ògiri. Iṣẹ́ náà wọ̀ mí lára débi pé mo gbé e sórí aṣọ bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ó wá dà bí ẹrẹ̀ tó ta sára ìró. Ìyẹ́ adìẹ fẹ́ràn nǹkan tó tẹ́ẹ́rẹ́: ẹsẹ̀ àkéekèe, iṣan ewé, ìrù ẹyẹ. Sìmẹ́ǹtì fẹ́ràn nǹkan tó wúwo, gbòǹgbò igi, òkè, ìgbín. Odò kan náà ni gbogbo wa ń wò, ohun tí irinṣẹ́ kálukú lè bù nínú rẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ wo Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, káfíńtà tó lọ di agbẹ́kùúta. Ẹ wo ère onígi Kàsálì Àkàngbé, bó ṣe ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi tó ń wá oòrùn láàárín igbó. Èèwọ̀ ni gígé igi àti pípẹja nínú Igbó Ọ̀ṣun. Kí UNESCO tó kọ orúkọ igbó náà mọ́ àwọn ibi ogún àgbáyé lọ́dún 2005 ni èèwọ̀ yẹn ti wà, òun ló jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí rí nǹkan wò.

Ẹ tún bi àwọn àgbà lórúkọ nǹkan. Ẹni tó sọ ewéko ní patanmọ́ ti ya àwòrán rẹ̀ fún yín tán. Àwọn onílù náà á sọ fún yín pé igi etí ọ̀nà ló dáa fún gbígbẹ́ ìlù, torí ó ti gbọ́ ohùn èèyàn pẹ́. Bóyá ẹ gbà á gbọ́ o, bẹ́ ẹ ò gbà á gbọ́, ẹni tó ń gbẹ́ ìlù ti rìn yí igi ká kó tó mú àáké.

Lọ́wọ́ tá a wà yìí, òjò ni mò ń wá bí mo ṣe máa yà. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ẹ̀kọ kì í gbẹ lára aṣọ nígbà òjò. Ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni mo lè yà á. Torí náà, láti oṣù kẹfà ni mo ti ń jókòó sídìí fèrèsé pẹ̀lú pẹ́ńsù, mò ń wo bí omi ṣe ń já bọ́ létí páànù. Ìwé kan ti kún. Ó ku kí ọyẹ́ dé.