Ajá Méjì, Kò Sẹ́ran

Aago mẹ́ta òru ni ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ti fọn fèrè mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà mi ní ìlú Denver, ní Amẹ́ríkà. Ajá rẹ̀ méjì, Oscar àti Daisy, ti jókòó sẹ́yìn. Òkè la fẹ́ lọ gùn. Ní Ṣábẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n ti bí mi, ẹni tó bá kó ajá méjì jáde lóru, ìgbẹ́ ló ń lọ, ìyàwó rẹ̀ á sì ti tọ́jú ata sílẹ̀. Tiwa yìí, a kàn fẹ́ débẹ̀ ká padà ni.

Mo rò pé mo mọ òkè. Ta ló máa gba ọ̀nà Kútọnu lọ sí Parakú tí kò ní rí òkè Ṣábẹ̀, àpáta rìbìtì-rìbìtì tó yọ láàárín pẹ̀tẹ́lẹ̀? Orí wọn làwọn baba wa sá sí nígbà ogun Dàhọ̀mì. Sílípáàsì la fi ń gùn wọ́n lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n Sokbaro, tí wọ́n sábà máa ń kà sí òkè tó ga jù ní gbogbo Benin, bí i mítà 658 péré ni. Denver níbi tí mò ń sùn lójoojúmọ́ lé ní 1,600. Ibi tá a gbé mọ́tò sí lọ́jọ́ náà lé ní 3,400. Okùn bàtà ni mo bẹ̀rẹ̀ láti so, èémí ti dí mi.

Òkè méjì ló wà níbẹ̀, Grays Peak àti Torreys Peak, wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, ìkọ̀ọ̀kan tó bí i mítà 4,350. Lọ́dún 1861 ni Charles Parry, onímọ̀ ewéko kan, fi orúkọ onímọ̀ ewéko méjì ẹgbẹ́ rẹ̀ pè wọ́n. Bí bàbá àgbà mi bá gbọ́ pé àwọn tó ń já ewé kiri ló ni òkè, á ní oníṣègùn ni wọ́n, ó yẹ wọ́n.

Ajá bàbá mi kékeré, Tanímọ̀la, ṣaworo ló wà lọ́rùn rẹ̀. Òun ló ń ṣíwájú, ibi tó bá rí omi ló ti ń mu. Ti ibí yìí, okùn ló wà lọ́rùn wọn kí wọ́n má baà lé ewúrẹ́ òkè. Èmi ni mo gbé omi wọn. Ọ̀gá wọn ló kó ìgbẹ́ wọn sínú ọ̀rá, ó so ó mọ́ àpò ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń fì í lọ. Nígbà tí òkúta di ṣóńṣó-ṣóńṣó, ó mú bàtà mẹ́rin jáde, ó wọ̀ ọ́ fún Oscar. Oscar ń gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí adìyẹ tó tẹ eérú gbígbóná. Mo rẹ́rìn-ín títí èémí fi tán.

Lórí Grays, ọ̀gá àwọn ajá náà sọ pé omi tó bá ṣàn sí ìwọ̀-oòrùn, òkun Pàsífíìkì ló ń lọ, èyí tó bá ṣàn sí ìlà-oòrùn, Àtìláńtíìkì. Ìyẹn ni pé òkun Kútọnu. Mo da omi tó kù nínú abọ́ Daisy sápá ìlà-oòrùn.

Torreys wà níwájú wa gbọnrangandan, ṣùgbọ́n Daisy dùbúlẹ̀, ìkùukùu sì ń ṣú. Ọ̀gá rẹ̀ ní ká padà. Inú bí mi díẹ̀, mo fẹ́ sọ pé torí ajá kẹ̀? Nílé, oòrùn ọ̀sán tó ń mú àpáta gbóná là ń sá fún, àmọ́ níbí, mọ̀nàmọ́ná ni, kò sì sígi kan tí èèyàn lè sá sábẹ́ rẹ̀. A ò tíì dé ìdí mọ́tò tí àrá fi sán.

Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí màmá mi. Alẹ́ ti lẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n pè mí.

"Ẹ kú ìrìn o. Kí lẹ pa?"

"A ò pa nǹkan kan, màmá."

Wọ́n dákẹ́. "Pẹ̀lú ajá méjì?"