Ta ló ṣílẹ̀kùn? Àyẹ̀wò ọdún 2025 mi nídìí fíìmù abanilẹ́rù

Ọdún ń lọ sópin, oníkálukú ń ṣírò ohun tó fọdún ṣe. Èmi, fíìmù ni màá ṣírò. Ní 2025, fíìmù abanilẹ́rù ni mo fi alẹ́ mi wò jù, àti àwọn tí ń mú àyà ẹni já láìsí iwin tàbí òkú kankan nínú wọn. N kò kọ́ṣẹ́ fíìmù níbì kankan. Lẹ́yìn iṣẹ́ ni mo máa ń wò wọ́n, nígbà mìíràn ní sinimá Ring Road níbí ní Ìbàdàn, nígbà mìíràn nílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mi. Ohun tí mo rí nínú wọn lọ́dún yìí sì wú mi lórí débi pé n kò lè dákẹ́ sí i.

Mo ti ro gbogbo wọn papọ̀, ohun kan ló ń padà wá sí mi lọ́kàn. Nínú àwọn tó bà mí lẹ́rù jù, ibi kò já ilẹ̀kùn wọlé. Ẹnì kan nínú ilé ló ní kó máa bọ̀. Ó lè jẹ́ ìfẹ́ ló fà á, ó lè jẹ́ àánú, ó lè jẹ́ àìní. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani: láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ọdún yìí ni mo tó fojú ara mi rí i. (Màá sọ ìtàn àwọn fíìmù yìí dé ìdí o. Ẹni tí kò bá tíì wò wọ́n, kó lọ wò wọ́n ná.)

Sinners ni mo fi ṣáájú gbogbo wọn. Ryan Coogler ló darí rẹ̀, oṣù Kẹrin ló jáde, mo sì padà lọ wò ó kí wọ́n tó gbé e kúrò ní sinimá. Ìlú Clarksdale ní Mississippi ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1932, nígbà tí òfin ṣì fàyè gba àwọn aláwọ̀ funfun láti máa tẹ àwọn aláwọ̀ dúdú mọ́lẹ̀ ní gbangba. Ìbejì kan, Smoke àti Stack, tí Michael B. Jordan nìkan ṣe ipa àwọn méjèèjì, ti Chicago padà wálé. Wọ́n ra ilé ìlagi àtijọ́ kan, wọ́n sọ ọ́ di ilé ijó, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó nínú oko òwú lè rí ibi gbàgbé ìyà fún alẹ́ kan. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni àwọn fámpáyà, òkú tó jí tí ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, dé. Orin Sammie, ọmọ ìyekan wọn, ló pè wọ́n. Orin náà lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ti kú àti àwọn tí wọn kò tíì bí fi wọnú ijó kan náà, onílù ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ onígìtá ayé òde òní. Ohun tó dùn jù nínú ilé yẹn ló júwe ọ̀nà ilé fún ibi.

Fámpáyà kò lè kọjá ẹnu ọ̀nà àfi bí ẹni tó wà nínú ilé bá ní kó wọlé. Orí èyí ni fíìmù náà dúró lé. Cornbread, géńdé tí wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, jáde lọ tọ̀. Nígbà tó padà, ó dúró síta, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wọlé. Ohùn rẹ̀ ni, aṣọ rẹ̀ ni, ìdúró rẹ̀ ni. Annie, obìnrin Smoke, wò ó sùn-ùn, ó wá bi í léèrè ìdí tó fi ń tọrọ àyè, nígbà tó jẹ́ pé géńdé bíi tirẹ̀ lè kàn gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ìbéèrè lásán ni o. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ariwo. Gbogbo sinimá dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi sì sọ ọ́ wẹ́lẹ́ pé, "Kì í ṣe òun mọ́."

Nígbẹ̀yìn, ẹni tó pè wọ́n wọlé ni Grace, ìyàwó ará Ṣáínà tó ní ṣọ́ọ̀bù nínú ìlú. Wọ́n ti sọ ọkọ rẹ̀ di ọ̀kan lára wọn, wọ́n sì ń halẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ló kàn. Ni Grace bá kígbe pé kí wọ́n wọlé wá, kí ìjà náà parí níbẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ́ ló ń bínú sí Grace. Èmi ò bá wọn bínú sí i. Abiyamọ ni. Bó bá jẹ́ èmi ni, tí wọ́n sì dárúkọ ọmọ mi bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn yẹn ì bá má wà ní títì títí ilẹ̀ fi mọ́.

Wùnmí Mosaku ló ṣe Annie. Ọmọ Yorùbá ni, Zaria ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1986, Manchester ló ti dàgbà. Oníṣègùn ni Annie nínú fíìmù náà, ó ń lo ewé àti egbò gẹ́gẹ́ bí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà ṣe fi í lé àwọn ọmọ wọn lọ́wọ́ ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ó ṣe àpò kékeré kan fún Smoke, Smoke sì so ó mọ́ ọrùn. Ẹni tó bá ti rí oǹdè rí kò nílò àlàyé. Àwọn méjèèjì ti sin ọmọ kan. Smoke bi í pé kí ló dé tí gbogbo ewé àti àdúrà yẹn kò gba ọmọ àwọn là, Annie sì jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀. Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tiwa, bí oníṣègùn kò bá jẹ́ ìkà, yóò jẹ́ ẹni tó mọ ohun gbogbo. Annie mọ púpọ̀, kò mọ tán, ó sì ṣì ń ṣe ojúṣe rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó wà nínú ilé títí tó fi kú.

Tí ẹ bá tún rò ó pé ìbejì ni wọ́n, ọ̀rọ̀ náà wọni lára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nílẹ̀ wa láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí a gbẹ́ ère, wọn a máa tọ́jú rẹ̀, kí èyí tó kù má bàa tẹ̀ lé èkejì rẹ̀. Nínú Sinners, Stack tí wọ́n sọ di fámpáyà ò lọ sí ibì kankan. Ó dúró síta pẹ̀lú ojú tó jọ ti Smoke, ó ń pè é pé kó máa bọ̀.

Weapons ló tẹ̀ lé e. Zach Cregger ló darí rẹ̀, ó jáde lóṣù Kẹjọ. Ní aago 2:17 òru, ọmọ 17 tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà dìde lórí ibùsùn, wọ́n ṣílẹ̀kùn ilé wọn fúnra wọn, wọ́n na apá méjèèjì, wọ́n sì sáré wọnú òkùnkùn. Ọmọ kan ṣoṣo ló wá sílé ìwé lọ́jọ́ kejì, Alex. Ìlú dojú ìbínú kọ tíṣà wọn. Ó pẹ́ kí fíìmù náà tó fi hàn wá pé inú ilé Alex ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ tí àwọn òbí rẹ̀ gba Àǹtí Gladys sílé. Wọ́n ní ìbátan ìyá rẹ̀ ni, ara rẹ̀ ò sì yá. Ta ni yóò lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà?

Ilé ni èmi àti màmá mi ti wò ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Tíṣà náà sùn lọ nínú mọ́tò rẹ̀ níwájú ilé Alex lóru. Ilẹ̀kùn ilé ṣí, òkùnkùn ló wà nínú. Ìyá Alex jáde, ó ń rìn tàgétàgé bọ̀ títí tó fi dé ìdí mọ́tò, ó ṣí i, ó wọlé sẹ́yìn, ó yọ síṣọ́ọ̀sì, ó gé díẹ̀ nínú irun tíṣà náà, ó sì padà sílé. Fíìmù náà kò tíì ṣàlàyé ohunkóhun nígbà yẹn. Màmá mi ti sọ ọ́: "Irun orí ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é. Ìwọ náà rí i?"

Mo rí i. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń rí màmá mi tó ń ṣa irun kúrò lára ìyarun lẹ́yìn tí wọ́n bá tú orí wa, tí yóò wé e sínú bébà, tí yóò sì lọ sọ ọ́ sí ṣáláńgá. Títí di òní, bí mo bá lọ dirun, mo máa ń bojú wo ilẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Gladys fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kan igi, tó wé irun mọ́ ọn, tó sì dá igi náà sí méjì, tí ẹni tó rán sì fò dìde láti lọ pa olóhun irun, fún àwa méjèèjì ìròyìn nípa ohun tí a ti mọ̀ ni. Amy Madigan ló ṣe Gladys, ó sì ṣe é dé ojú àmì, pẹ̀lú ọ̀dà pupa lẹ́nu àti ohùn pẹ̀lẹ́.

Àmọ́ ohun tó pa mí lẹ́kún ni ọbẹ̀. Gladys ti sọ àwọn òbí ọmọ náà di ẹni tó jókòó sójú kan, ojú wọn ṣí, wọn ò mọ nǹkan kan. Alex, ọmọ kíláàsì kẹta, ló ń lọ ra ọbẹ̀ inú agolo, tó ń gbé e wálé, tó ń fi ṣíbí bù ú sí wọn lẹ́nu. Kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, torí Gladys ti fi hàn án pé òun lè mú kí wọ́n ṣe ara wọn léṣe níwájú rẹ̀. Nígbà tí ìyà padà dé bá Gladys níparí, mo gbọ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń rẹ́rìn-ín ní sinimá. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ohùn ọmọ tó ń sọ ìtàn náà ní àwọn òbí Alex kò padà bọ̀ sípò, ẹlòmíràn ló kàn ń fún wọn lọ́bẹ̀ báyìí.

Lára tiwa, mo padà wo The Weekend tí Daniel Oriahi darí, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní àjọ̀dún fíìmù Tribeca ní New York lọ́dún 2024. Nikya kò ní òbí. Ó fẹ́ ní mọ̀lẹ́bí, ó wá ń rọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kó mú òun lọ sílé àwọn òbí rẹ̀. Ọkùnrin náà ò fẹ́, ó mọ ìdí tí kò fi fẹ́. Ìfẹ́ tí ọmọbìnrin yẹn ní sí ẹbí ló gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé náà. Ní gbogbo ìgbà tí ìyá ọkọ ń gbé ẹran síwájú rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, ṣe ni mo ń di ọwọ́ àga mú. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọbìnrin tó ti dúró nílé ìdáná ìyá ọkọ rí wò ó.

The Herd, tí Daniel Etim Effiong darí, kò bá ohun tí mo ń wí mu. Ó jáde ní sinimá lóṣù Kẹwàá, ó sì dé Netflix lóṣù Kọkànlá. Kò sí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀: àwọn èrò ìgbéyàwó ni agbébọn dá lọ́nà. N kò lè pe ohun tí mo rí ní eré. A mọ àwọn tí wọ́n jí gbé, a mọ ilé tí wọ́n ti ta ilẹ̀ kí wọ́n lè rí owó ìtúsílẹ̀. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí fíìmù náà, ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, ọgbẹ́ tí kò tíì jinná ni wọ́n fọwọ́ kàn. Èmi kàn mọ̀ pé n kò lè tún un wò.

Àwọn tó kù, kí n sáré kà wọ́n. 28 Years Later ti Danny Boyle: fóònù iPhone ni wọ́n fi ya ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn alárùn tí ń sáré pani sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó mú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn kúrò lérékùṣù láti lọ wá dókítà ni mo rántí. Final Destination Bloodlines dùn mọ́ mi nítorí òṣèré Tony Todd, tó ti kú kí fíìmù náà tó jáde. Ọ̀rọ̀ ìdágbére tó sọ níbẹ̀, ti ara rẹ̀ ni. The Substance, ti 2024, dára títí dé ibi tí Demi Moore ti múra tán láti jáde, tó ń padà sí iwájú dígí léraléra, títí tó fi fi ọwọ́ ra gbogbo àtíkè àti ọ̀dà mọ́ ojú, tí kò sì lọ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ìparí rẹ̀ pọ̀ jù fún mi. Nosferatu ti Robert Eggers: mo rí iṣẹ́ ọwọ́, n kò rí ẹ̀rù.

Ẹ̀dùn ọkàn mi ni pé àwa la ni ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn wọ̀nyí ń wá kiri. Ìbejì wà lọ́wọ́ wa, irun tí a kì í fi sílẹ̀ wà, àǹtí tó wá láti abúlé tí ẹnikẹ́ni kò lè bi léèrè ìgbà tó máa padà wà. Ẹ̀yin tó ń ṣe fíìmù lédè Yorùbá, mo bẹ̀ yín, ẹ dín ariwo orin kù. Ẹ jẹ́ kí ilé dákẹ́ ká gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí pásítọ̀ tàbí babaláwo wá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn. Kunle Afolayan ti ṣe é lọ́dún 2009 nínú The Figurine, fíìmù ère Àrárọ̀mirẹ, tí a jáde láìmọ̀ bóyá òrìṣà ló pa wọ́n ni tàbí ọ̀rẹ́ wọn. Ọdún 16 ti kọjá lórí rẹ̀, àwa nílé wa ṣì ń jiyàn lé e.

Lóṣù Kìíní 2026, apá tó tẹ̀ lé 28 Years Later ń bọ̀, Nia DaCosta ló darí rẹ̀. Èmi àti àbúrò mi ti fi àdéhùn sí i. Màmá mi ní òun ò bá wa lọ sí sinimá lálẹ́. Ká wò ó tán, ká wá sọ ọ́ fún òun.