Kọ̀ǹpútà àtijọ́ mẹ́ta tí mo fi ń ṣe ọ̀wẹ̀ láti Ṣágámù

Ní 2009, àbúrò bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Makún níbí, wọ́n ń tẹ ìwé, wọ́n ń ṣe fọ́tòkópì, káàdì ìnáwó náà wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo máa ń bá wọn jókòó tì í tí mo bá ti iléèwé dé. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ kà á pé àwọn onímọ̀ kan wà ní Basel ní Switzerland tí wọ́n ń ṣírò ọ̀rọ̀ ibà, bó ṣe ń tàn kálẹ̀, bí nẹ́ẹ̀tì àti oògùn ṣe lè dín in kù, àmọ́ ìṣirò náà pọ̀ ju ohun tí kọ̀ǹpútà tiwọn lè dá ṣe lọ, wọ́n wá ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà nílé wá bá àwọn gbé díẹ̀ níbẹ̀. malariacontrol.net lorúkọ ẹ̀. Ó wọ̀ mí lára gan-an. Ibà tó ń dá àwa dùbúlẹ̀ ní Rẹ́mọ níbí, ẹni tí ẹ̀fọn ò fún níbà rí ló ń tan kọ̀ǹpútà ẹ̀ sílẹ̀ lóru torí ẹ̀, àwa tí àgbo kì í wọ́n nílé wa wá jókòó? Mo bẹ àbúrò bàbá mi, wọ́n ní tí kò bá ti ní dí iṣẹ́ lọ́wọ́ kí n ṣe é, mo fi sórí méjì nínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ nípa ẹ̀ rí, ẹ fi wé ọ̀wẹ̀. Tí oko bá ju agbára ẹnì kan lọ á bẹ ọ̀wẹ̀, kálukú á gbé ọkọ́ tiẹ̀ wá, wọ́n á pín ebè láàárín ara wọn, kí oòrùn tó wọ̀ iṣẹ́ ti tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni BOINC, ètò kọ̀ǹpútà tí malariacontrol ń lò, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley ní 2002, ọ̀fẹ́ ni, o máa fi sórí kọ̀ǹpútà ẹ, á lọ gba iye ebè tó kàn ẹ́ wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á kọ ọ́, á dá èsì padà. Wọ́n sábà máa ń fún ẹni méjì ní ebè kan náà kí wọ́n lè fi ìdáhùn wọn wéra, kí iṣẹ́ gbàrọgùdù má baà kọjá. Ẹ má sì rò pé kọ̀ǹpútà ilé ò lè rí nǹkan gidi o, ní 2010 kọ̀ǹpútà tọkọtaya kan ní Iowa ní Amẹ́ríkà àti ti ọkùnrin kan ní Jámánì ló rí ìràwọ̀ kan tó ń pòòyì bí òkòtó, irú èyí tí wọ́n ń pè ní pulsar, nínú iṣẹ́ Einstein@Home, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ìràwọ̀ yẹn wà tẹ́lẹ̀.

malariacontrol parí ní 2016. Ṣọ́ọ̀bù náà ti kógbá wọlé. Lọ́dún tó kọjá ni àbúrò bàbá mi pè mí pé kí n wá kó ẹrù mi kúrò kí àwọn tó tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Kọ̀ǹpútà méjì ọjọ́ yẹn ni, Core 2 Duo ni chip wọn (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), RAM (ibi tó ń kó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sí) 2GB kọ̀ọ̀kan. Mo ní láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ kan tẹ́lẹ̀, chip i5 ti 2011, RAM 4GB. Mo ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń padà sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.

Mo fi BOINC sí i, mo ní kí ó lo gbogbo agbára, mo gba iṣẹ́ Rosetta@home, èyí tó ń ṣírò bí purotéènì inú ara ṣe rí, wálẹ̀ rẹpẹtẹ, mo lọ sùn. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ekukáká ni iṣẹ́ méjì fi parí, èyí tó kù ọjọ́ ti kọjá lórí wọn, wọ́n ti gbé e fún ẹlòmíì. Mo kọ́kọ́ rò pé ogbó ló dé bá wọn, pé kọ̀ǹpútà ọdún 2008 ò lè bá tòní rìn mọ́. Irọ́ ni. Ìyá tó ń jẹ wọ́n kọ́ ni ogbó.

Ooru ló kọ́kọ́ jẹ́. Láptọ́ọ̀pù yẹn ń hó bí ẹ̀rọ ìlọta, mo wo ìwọ̀n ooru ẹ̀, 97°C! Tí chip bá ti gbóná tó báyẹn ńṣe ló máa ń dín eré ara ẹ̀ kù kó má baà jó, ìyẹn ni pé iná tí mò ń san owó ẹ̀, ooru ni mo fi ń rà. Mo gbé e lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Sábó, ó tú u, ó pè mí pé kí n wá wò ó. Eruku ti hun ara ẹ̀ bí òwú sáàárín fáànù àti irin pẹlẹbẹ tó ń fa ooru jáde, thermal paste (ọ̀dà tó ń gbé ooru chip lọ sí irin náà) tó wà lórí chip ti gbẹ ó ti ń ṣí bí èépá. Ó ní "Bọ̀dá, kọ̀ǹpútà yín fẹ́ẹ̀ kú sínú bùláńkẹ́ẹ̀tì." Ó gbọn gbogbo ẹ̀, ó fi paste tuntun sí i, ooru já sí 74. Mi ò fi kọ́bọ̀ ra ẹ̀yà tuntun kankan o, kọ̀ǹpútà yẹn di òmíràn. Látìgbà yẹn ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mò ń ṣe é fúnra mi, kí ọyẹ́ tó dé àti lẹ́yìn tó bá lọ, torí eruku ọ̀nà tiwa níbí ẹ mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i ẹ fi ìka di fáànù náà mú, ẹ má jẹ́ kó yí tàtàtà, ó lè bàjẹ́.

Nǹkan kan tún wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ ooru yìí tó dùn mí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. BOINC ní ibi tí èèyàn ti lè sọ fún un pé kó lo ìdá ọgọ́ta péré nínú àkókò chip, gbogbo èèyàn ló ń sáré lọ síbẹ̀, àmọ́ ńṣe ló máa ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ dúró díẹ̀, ṣiṣẹ́ díẹ̀ dúró díẹ̀, ooru á máa lọ sókè sódò. Èyí tó dáa jù lójú tèmi ni kí ẹ dín iye core (ẹ̀ka ọpọlọ inú chip) tó ń lò kù, kí ẹ wá jẹ́ kí àwọn tó ṣẹ́ kù ṣiṣẹ́ láìdúró. Láptọ́ọ̀pù mi lè gba iṣẹ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, méjì ni mo ń fún un, ìkọ̀ọ̀kan ń yára parí, ara ẹ̀ sì tutù.

Lẹ́yìn ooru ló kan RAM. Iṣẹ́ kan fún core kan ni BOINC ń gbé, tí Windows bá ti jẹ ju ìlàjì lọ nínú 2GB, tí iṣẹ́ ńlá méjì wá jókòó lé èyí tó kù, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi hard disk ṣe RAM, ẹ ó kàn máa gbọ́ kẹ̀kẹ̀kẹ̀ ni, iṣẹ́ ò ní lọ. Mo yọ Rosetta kúrò lórí àwọn méjì yẹn, mo fún wọn ní iṣẹ́ tí kì í jẹ RAM, Mapping Cancer Markers ti ẹgbẹ́ World Community Grid, wọ́n ti ń ṣe é láti 2013, àmì inú ara tó ń tú àṣírí jẹjẹrẹ ni wọ́n fi ń wá. Mo fi Einstein@Home tì í, tí iṣẹ́ ò bá sí níbì kan kó rí níbòmíì. Mo tún pa Windows rẹ́ mo fi Debian, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ Windows, sí i, láìsí ojú aláwòrán tí wọ́n ń tẹ̀ rárá, ojú dúdú àti lẹ́tà funfun nìkan. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ẹ mú èyí tó jẹ́ 64-bit (irú tuntun), torí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Core 2 Duo ló ń lo Windows 32-bit (irú àtijọ́) tí kò yẹ wọ́n, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni kì í sì í fún 32-bit ní nǹkan mọ́.

Iná wá ńkọ́? Ibi tí tiwa ti yàtọ̀ sí tàwọn òyìnbó nìyí. Tí iná bá lọ, ibi tí iṣẹ́ náà ti kọ ara ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́yìn ló ti máa bẹ̀rẹ̀, checkpoint ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ mìíràn wà tó máa ń pẹ́ kó tó kọ ọ́, ẹ yẹra fún irú ẹ̀. Ẹ má sì gba iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá jọ, ìwọ̀nba tó tó ìlàjì ọjọ́ ti tó, kí ọjọ́ má baà máa kọjá lórí wọn. Àwọn desktop méjèèjì, ìyẹn ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọ inú BIOS (ètò ìpìlẹ̀ tó ń jí kọ̀ǹpútà), ibì kan wà níbẹ̀ tó ń béèrè pé kí ni kó ṣe tí iná bá lọ tó padà dé, mo ní kó tan ara ẹ̀. Èyí nìkan fún mi ní ọ̀pọ̀ wákàtí tó ń ṣòfò tẹ́lẹ̀ nígbà tí mi ò bá sí nílé.

Ẹ̀kan nínú wọn ṣáà ń tàn àmọ́ kò gba iṣẹ́, mo wá a títí, mo ti fẹ́ sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ni. Bátìrì kékeré bíi kọ́ìnì tó wà lórí bọ́ọ̀dù ẹ̀ ló ti kú! Gbogbo ìgbà tí iná bá lọ déètì ẹ̀ á padà sí ọdún 2008, tí déètì bá sì ti jìnnà sí òótọ́ tó báyẹn, sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń pín iṣẹ́, ò ní gbà á láyè láti wọlé. CR2032 ni wọ́n kọ sára bátìrì náà, ẹ ṣáà yọ tàtijọ́ dání lọ sí ọjà.

Mi ò ní tan jẹnẹrétọ̀ torí ẹ̀ láéláé, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn ẹ̀. Iná ìjọba nìkan ni àwọn desktop ń lò, láptọ́ọ̀pù ń lo sólà lọ́sàn-án nígbà tí bátìrì ínfátà bá ti kún tí oòrùn kàn ń ràn lásán. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà tó ní chip àtijọ́ Pentium 4 lẹ ní, ẹ jẹ́ kó sinmi, iná tó ń jẹ pọ̀ ju iṣẹ́ tó lè ṣe lọ, ó dùn mí láti sọ ọ́ àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìyá mi ń wo yúnìtì inú mítà bí ẹni ń wo ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ lórí iná, a jọ ṣírò ẹ̀ ni, a fẹnu kò pé aago mẹ́wàá alẹ́ ni kí n máa pa wọ́n.

Ìyá mi gan-an ló ń kọ́kọ́ mọ̀ báyìí tí iná bá dé, torí fáànù àwọn kọ̀ǹpútà náà á dún nínú yàrá kejì kí ẹnikẹ́ni tó tẹ nǹkan kan, wọ́n á sì pariwo láti pálọ̀ pé "àwọn ọmọ ẹ ti jí o." Lọ́sẹ̀ tó kọjá iṣẹ́ mọ́kànlélógún ló parí lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ìkankan tí wọ́n kọ̀ nínú wọn. Ọjọ́ Sátidé mò ń lọ Ìjẹ̀bú-Òde lọ wá RAM DDR2, irú tí àwọn desktop yẹn ń lò, sí i, ó ti ń wọ́n, tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní èyí tí kò lò nílé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jù ú nù, ẹ ṣáà kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí kí n wá gbà á.